Ọkùnrin Ló Jókòó, Ìyá Ló Ń Ṣe: Àlàyé Lórí Eré Ìtàn Orí Tábìlì àti Ìdánimọ̀

"Ọmọkùnrin ni mo bí. Kí ló wá dé tó jẹ́ obìnrin ló máa ń ṣe nínú gémù tí ẹ̀ ń ṣe yẹn?" Bí ìbéèrè náà ṣe máa ń wá nìyẹn láti ẹnu àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣe eré ìtàn orí tábìlì ní Ìbàdàn níbí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é máa ń gba ẹ̀yìn wọlé ní tiwọn: wọ́n á ní ẹni tí àwọn ń ṣe nínú eré náà ti ń wọ àwọn lára jù, àwọn ò sì mọ ohun tí àwọn máa rò sí i. Ìdáhùn méjì ló wà nílẹ̀ tí kálukú ń sáré mú. Ọ̀kan ní eré lásán ni, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìkejì ní àṣírí ti tú, ọmọ náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Èmi tí mo máa ń darí eré náà ò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì, mo sì ti rí i tí méjèèjì ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ ní jàǹbá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì yẹn ṣeé ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ eré náà fún ẹni tí kò rí i rí. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Kò sí pátákó bíi ti lúdò, kò sì sí pé ẹnìkan máa jẹ ẹnìkejì. Ìtàn kan ni gbogbo wọn jọ ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí, GM ni àwọn tó ń ṣe é máa ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ ni ayé inú ìtàn náà wà: òjò, ọ̀nà, ọlọ́ṣà, oníbodè, ọba, ajá tó ń gbó lẹ́yìn ilé. Àwọn tó kù, ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ni kálukú wọn ní. Ẹ̀dá yẹn ní ìwé tirẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí i, iye ọdún rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, bí agbára rẹ̀ ṣe tó, bó ṣe gbọ́n tó, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ẹni tó nífẹ̀ẹ́. Olùdarí á sọ ohun tó wà níwájú yín, ìwọ á sọ ohun tí ẹ̀dá rẹ ṣe. Níbi tí kò bá ti dájú pé ohun tó fẹ́ ṣe á bọ́ sí i, dáìsì ló máa dáhùn. Èyí tó lókìkí jù nínú irú eré yìí ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Dáìsì olójú 20 ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀, áàpù orí fóònù á bá a jù ú.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Yàrá kan ní Agbowó la wà, èmi ni mo ń darí. Mo gbé ìtàn náà sí Ìbàdàn ayé àtijọ́, kí Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, nígbà tí àwọn oníṣòwò ń kó ẹrù gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ láti lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù wá. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan tí ohùn rẹ̀ nípọn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ ni Ìyá Àbẹ̀ní, obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún, olórí àwọn aláàárù.

Mo ní: "Ẹ ti dé bodè. Oníbodè jáde wá, ó wo ẹrù, ó wo àwọn ọmọ ogun tó sìn yín wá, ó wá yíjú sí Ìyá Àbẹ̀ní. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, 'Ẹ kú ìrìn o, ìyá wa. Ẹ má bínú sí wa, owó ibodè ti lé sí i.'"

Ọmọkùnrin yẹn dákẹ́ díẹ̀. Ó wá dáhùn jẹ́jẹ́: "Dìde, ọmọ mi. Ta ló fi owó lé e, ṣé ìwọ ni àbí ẹni tó rán ọ?"

Mo ní kó ju dáìsì, ó gbọ́dọ̀ tó 13 kí ọkàn oníbodè tó rọ̀. 11 ló bọ́. Àmọ́ ìwé Ìyá Àbẹ̀ní sọ pé ó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, ó ní àfikún 3 nítorí ìyẹn, gbogbo rẹ̀ di 14. Oníbodè bá jẹ́wọ́ pé ọ̀gá òun ló ní kí àwọn máa gba ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ará Ìbàdàn. Ẹni tó jókòó ti ọmọkùnrin náà, jagunjagun ni ẹ̀dá tirẹ̀, yíjú sí i, ó ní, "Ìyá, kí la fẹ́ ṣe báyìí?" Eré ọjọ́ yẹn tó wákàtí mẹ́ta. Ní gbogbo àsìkò yẹn, "Ìyá" ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì gbé ẹsẹ̀ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ohun tí eré yìí ní tí ìwé ìtàn àti fíìmù ò ní ni pé àwọn ẹlòmíràn máa ń dá ọ lóhùn. Tó o bá ń ka ìwé, o lè fọkàn ṣe obìnrin, o lè fọkàn ṣe ọba, ìwọ nìkan lo mọ̀. Nídìí tábìlì, èèyàn gidi ló ń kí ọ, tó ń bọ̀wọ̀ fún ọ, tó ń bá ọ jà, tó ń dẹnu kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí irú ẹni tí ẹ̀dá rẹ jẹ́. Ara rẹ á gbọ́ ọ. Ó lè tù ọ́ lára, ó lè ni ọ́ lára, ó sì lè má ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ nìkan lo lè sọ èwo ni. Bí kò bá bá ọ lára mu, kò náni ní ohunkóhun láti fa ìwé ẹ̀dá náà ya kí o dá ẹ̀dá mìíràn. Ibo tún ni ọ̀dọ́ ti lè gbìyànjú irú ẹ̀ nílùú yìí láìsí pé àdúgbò gbọ́, láìsí pé ó di ohun tí wọ́n á máa tọ́ka sí títí ayé?

Mo bi ọmọkùnrin yẹn léèrè lẹ́yìn náà nípa Ìyá Àbẹ̀ní. Ó ní ohun tó dùn mọ́ òun ni pé wọ́n dákẹ́ gbọ́ òun láìjẹ́ pé òun jágbe. Nílé wọn, ọkùnrin tí kò bá lè jágbe, wọn kì í ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ìwà tútù tó ní ọlá ló ń wá, ara obìnrin àgbà nìkan ló sì ti rí i rí, lára ìyá ìyá rẹ̀. Títí di òní, ọkùnrin ló mọ ara rẹ̀ sí. Bó bá wá sọ nǹkan mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀, tirẹ̀ ni láti sọ.

Ọmọbìnrin kan lórí tábìlì mìíràn ṣe ọ̀dọ́kùnrin ahunṣọ kan láti Ìṣẹ́yìn, tó ń kọnu sí ọmọbìnrin onídìrí kan. Ó gba ọ̀pọ̀ ìpàdé kí ọmọ onídìrí tó jẹ́ ẹ́ ní hẹn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun ò kun ọmọbìnrin tó ń ṣe ahunṣọ. Ó sọ fún mi pé òun ò ronú nípa ṣòkòtò, kò sì wu òun láti jẹ́ ọkùnrin. Ìdáhùn yẹn, láti ẹnu obìnrin, ni kò kúrò lọ́kàn òun. Ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́ síta fún ẹnìkan ṣoṣo tó fọkàn tán pé obìnrin ni ọkàn òun ń fà sí, ó sì ti ń fà bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó gbọ́ nípa eré kankan. Ẹnìkẹta wà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọkùnrin, tó sunkún nínú máíkírà nígbà tó ń padà sílé láti Bódìjà nítorí pé wọ́n pè é ní "àǹtí" nídìí tábìlì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà tètè dé. (Mo ti yí ohun tó lè jẹ́ kí a dá àwọn wọ̀nyí mọ̀ padà, ẹ má wulẹ̀ wá wọn.)

Ẹ kíyè sí i: ọkùnrin tó ṣe obìnrin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò kan akọ tàbí abo. Obìnrin tó ṣe ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni tirẹ̀. Ẹnìkẹta nìkan ni ohun tó ń ṣe nínú eré fara jọ ohun tí àwọn òbí ń bẹ̀rù. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ wo ẹ̀dá ìtàn kó sì ti ibẹ̀ mọ ẹni tó ni ín, àṣìmọ̀ ló máa bá pàdé lọ́pọ̀ ìgbà.

Nǹkan mẹ́rin la máa ń pa pọ̀ tá a sì ń pè ní ẹyọ kan. Ara tí wọ́n bí èèyàn mọ́ wà lọ́tọ̀. Ẹni tí èèyàn mọ ara rẹ̀ sí nínú lọ́hùn-ún wà lọ́tọ̀, ìyẹn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin tàbí kò sí nínú ọ̀kankan ní pàtó. Ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn, èyí àti ara wọn bára mu, ní ti àwọn kan kò bára mu, àwọn yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní tíráǹsì. Ẹni tí ọkàn èèyàn ń fà sí tún wà lọ́tọ̀: ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ó lè jẹ́ méjèèjì, ó sì lè má fà sí ẹnikẹ́ni. Ìmúra àti ìṣe náà dá dúró, aṣọ, ìrìn, ohùn, bí èèyàn ṣe ń jókòó. Ẹ̀dá ìtàn lè yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín lórí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ò ní kí ó yàtọ̀ lórí àwọn tó kù.

Kò sí èyí tó jẹ́ àrùn níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin kúrò nínú ìwé àkójọ àrùn rẹ̀ lọ́dún 1990. Nínú ẹ̀dà kọkànlá ìwé náà, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ìdánimọ̀ wọn ò bá ara wọn mu kúrò lára àrùn ọpọlọ. Mò ń sọ èyí nítorí àwọn òbí tó ti béèrè ibi tí wọ́n lè gbé ọmọ lọ fún ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ mi, tìtorí ẹ̀dá inú gémù.

Àwọn ìwé òfin eré náà fúnra wọn ti yí padà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìwé àwọn òṣèré tí Dungeons & Dragons ìpele gíga gbé jáde lọ́dún 1978, wọ́n fi gbèdéke sí agbára ẹ̀dá obìnrin: bó ti wù kí dáìsì rẹ dára tó, obìnrin ò lè lágbára dé ibi tí ọkùnrin lè dé. Wọ́n yọ òfin yẹn nínú ẹ̀dà kejì lọ́dún 1989. Nígbà tó fi máa di ẹ̀dà karùn-ún lọ́dún 2014, ìwé náà ti ń sọ fún òṣèré pé kó ronú lórí bí ẹ̀dá rẹ̀ ṣe bá èrò àwùjọ nípa akọ àti abo mu tàbí kò bá a mu, àti pé kò di dandan kí ẹ̀dá náà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bí a ṣe mọ̀ ọ́n, ó sì fi kún un pé òṣèré ló máa pinnu ẹni tí ọkàn ẹ̀dá rẹ̀ ń fà sí. Láti ibi tí wọ́n ti ń díwọ̀n iṣan obìnrin dé ibi tí wọ́n ti ń bi èèyàn léèrè ẹni tó jẹ́, ìrìn náà jìn, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá gbé ìwé méjèèjì síra.

Eré kan wà tó tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, Monsterhearts, tí Avery Alder ṣe lọ́dún 2012. Àwọn ọ̀dọ́ ilé ìwé tí wọ́n tún jẹ́ àǹjọ̀nú àti iwin ni ẹ̀dá inú rẹ̀. Òfin kan níbẹ̀ ló mú mi dúró nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Bí ẹ̀dá kan bá fẹ́ fa ẹ̀dá rẹ lọ́kàn mọ́ra, dáìsì ló ń sọ bóyá ọkàn rẹ̀ fà. Ìwọ tó o ni ẹ̀dá náà ò láṣẹ láti sọ pé, "Rárá o, ọkùnrin ni tèmi, ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ mi ò lè fà mí." Ó fà á, ó fà á nìyẹn. Ohun tó kù sí ọ lọ́wọ́ ni ohun tí ẹ̀dá rẹ máa ṣe sí i: ó lè sá, ó lè bínú, ó lè purọ́, ó lè gbà. Ẹni tó ti ń ti ilẹ̀kùn kan pa látìgbà tó ti gbọ́njú á wá rí i pé ẹlòmíràn ló di kọ́kọ́rọ́ mú fún alẹ́ ọjọ́ kan. Ó lágbára. Àwọn àgbà tó mọ ara wọn dáadáa nìkan ni mo lè bá ṣe é.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni, òyìnbó ló ṣe eré náà. Àmọ́ kí ọkùnrin gbé obìnrin wọ̀, àwa náà mọ̀ ọ́n. Ní Kétu àti Yewa, ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó ń so ọmú àti ìdí mọ́ra, tó ń gbé ère rù láti fi wá ojúrere àwọn ìyá wa. UNESCO kà á mọ́ àwọn ohun ìní iyebíye ayé lọ́dún 2001. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dirun bí obìnrin. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé òrìṣà, ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń fi èyí jà, wọ́n á ní ẹ̀rí nìyẹn pé àwọn baba wa gba ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin. Mo máa ń ní kí wọ́n rọra, nítorí kò sọ bẹ́ẹ̀. Alágbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ohun tó sọ kò jù pé ilẹ̀ yìí mọ bí èèyàn ṣe ń gbé ẹlòmíràn rù tí yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í ní ọjà lọ́jọ́ kejì pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn ló sún mọ́ eré yìí jù. Nínú oṣù Kẹta, lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ọmọdé lè kọrin nípa nǹkan ọkùnrin àti nǹkan obìnrin sí àgbàlagbà lójú títì, àgbàlagbà á rẹ́rìn-ín, á kọjá. Bó bá di ọjọ́ kejì tó tún un kọ, ìgbátí ló máa fi gbà. Gbogbo ìlú mọ ibi tí ààlà wà. Tábìlì náà ní irú ààlà bẹ́ẹ̀: ohun tí ẹ̀dá rẹ bá sọ fún ẹ̀dá mi, èmi àti ìwọ kọ́ la bára wa sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n Òkèbàdàn máa ń parí lálẹ́ ọjọ́ kan, tó bá sì di ẹ̀ẹ̀mìíràn, ọdún kan ti kọjá. Ẹ̀dá ìtàn máa ń padà wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, fún oṣù púpọ̀ nígbà mìíràn. Àwọn nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààlà kọjá. Emily Care Boss, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣẹ̀dá irú eré yìí, fún un lórúkọ lọ́dún 2007, bleed ló pè é, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe eré náà kárí ayé sì ń pè é. Ọ̀nà méjì ló ń gbà. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ jà lówùúrọ̀ lè mú kí ẹ̀dá rẹ̀ kọjú ìjà sí ọba lọ́sàn-án láìmọ̀ pé ìjà kan náà ni. Ẹni tí wọ́n já ẹ̀dá rẹ̀ kulẹ̀ nínú ìfẹ́ lè gbé ẹ̀dùn náà délé, kí ẹni tó ṣe olólùfẹ́ nínú eré máa wù ú lójú ayé, kó má sì mọ ẹni tó ń wù ú gan-an. Nídìí ọ̀rọ̀ akọ àti abo, tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ti di èrò náà mọ́nú fún ọdún mẹ́wàá, ó lè ya bí omi. Ìdí nìyẹn tí "eré lásán ni" fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkà tí wọ́n bá sọ ọ́ sí ẹni tó ń sunkún nínú máíkírà.

Tábìlì tó bá fẹ́ gba irú nǹkan báyìí láyè gbọ́dọ̀ ṣe àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó ju dáìsì. A máa ń fi ìpàdé àkọ́kọ́ ṣe ìyẹn nìkan. Ọ̀nà tí Ron Edwards, tí òun náà ń ṣẹ̀dá irú eré yìí, là sílẹ̀ dára: ẹ sọ ohun tí kò ní wọ inú ìtàn yín rárá, ẹ tún sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ àmọ́ tí a máa fa aṣọ ìkélé bò, tí a kò ní ròyìn. Ìfipábánilòpọ̀ ò wọlé sí tábìlì mi. Lórí tábìlì tí ẹni tí kò tó ọdún 18 bá wà, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ò wọlé rárá, ìfẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́tà àti ìkíni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Lẹ́yìn èyí, a máa ń gbé káàdì kan tí a kọ X sí sáàárín tábìlì. John Stavropoulos ló mú un wá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń le jù fún ẹnìkan, kó fọwọ́ kan káàdì náà, ohun yẹn á kúrò nínú ìtàn lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló dé.

Káàdì yìí ò rọrùn láàárín Yorùbá. Àbúrò wo ló máa fọwọ́ kan káàdì láti dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́nu? Mo ti rí i tí ọmọ kékeré jókòó tó ń làágùn, tí ẹ̀gbọ́n ń ṣe ohun tí kò fẹ́ sí ẹ̀dá rẹ̀, tí káàdì sì wà níwájú rẹ̀. Ohun tí a ṣe sí i ni pé ẹni tó dàgbà jù lórí tábìlì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo káàdì náà, láàárín wákàtí àkọ́kọ́, lórí nǹkan kékeré. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba tipẹ́ máa ń fọwọ́ kàn án ní kété tí mo bá ti dárúkọ ejò. Ejò á kúrò, ìtàn á máa lọ. Àwọn àbúrò rí i pé àgbà lò ó tí ojú ò tì í, ẹ̀rù wọn á sì dín kù.

Ohun kan tó tún máa ń ba tábìlì jẹ́ ni ọkùnrin tó mú ẹ̀dá obìnrin tó sì jẹ́ pé ìdí ló ń mì ṣáá, tó ń fi ohùn tín-ín-rín sọ̀rọ̀, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ò mọ̀ pé ẹnìkan lórí tábìlì náà ti ká ìwé ẹ̀dá tirẹ̀ pa mọ́ sínú báàgì, kò sì ní mú un jáde mọ́. Mi ò kì í bá a jà. Mo máa ń fi ìbéèrè dá a padà nínú ìtàn: iṣẹ́ wo ni obìnrin yìí ń ṣe, ta ló jẹ ẹ́ lówó, kí ló ń bà á lẹ́rù? Lọ́pọ̀ ìgbà, á di èèyàn kí a tó tú ká. Tí kò bá dà bẹ́ẹ̀, mo máa ń bá ọ̀gbẹ́ni náà sọ̀rọ̀ níta. Mi ò tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ẹlòmíràn pé, "Ṣé ìwọ gan-an nìyẹn?" Ẹni tó bá fẹ́ sọ á sọ.

Lẹ́yìn eré, a kì í dìde tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ó fi orúkọ wa gangan pe ara wa, a ó mu mínírà, a ó sọ èyí tó dùn àti èyí tó dunni. Olólùfẹ́ méjì inú ìtàn á bára wọn sọ̀rọ̀ nípa ìdánwò àti owó ilé títí wọ́n á fi padà di ọ̀rẹ́.

Ọ̀rọ̀ òfin wà níbẹ̀, ó yẹ kí a sọ ọ́ láìbò. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 sì ni fún ẹni tó bá kópa nínú ẹgbẹ́ wọn tàbí tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tún wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù fún ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Ẹ̀dá inú ìtàn kì í ṣe èèyàn, ìtàn sísọ kì í sì ṣe ìgbéyàwó. Àmọ́ ẹni tó dá ọmọ dúró lójú ọ̀nà tó sì gba fóònù rẹ̀ tú kò ní jókòó gbọ́ àlàyé nípa ẹ̀dá ìtàn. Nítorí náà: ẹ má ya fọ́tò ìwé ẹ̀dá yín sórí WhatsApp, ẹ má kọ orúkọ ara yín sí i, ẹ má sọ ohun tí ẹnìkan sọ lórí tábìlì fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Olùdarí tí kò bá lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kó má darí irú ìtàn yìí.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń bí ìbẹ̀rù yín. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn òbí Amẹ́ríkà kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti Dungeons & Dragons, wọ́n ní ó ń sọ ọmọ di ẹlẹ́mìí èṣù, ó ń mú wọn pa ara wọn. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ò rí ẹ̀rí pé eré ló fà á, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti pàdánù ọ̀rẹ́ àti ibi tí ara ti ń tù wọ́n. Ẹ bi ọmọ yín léèrè nípa ẹ̀dá rẹ̀ bí ẹ ṣe máa bi í nípa ìwé tó ń kà: kí lorúkọ rẹ̀, ibo ló ń lọ, kí ló ń wá níbẹ̀? Ẹ máa gbọ́ ìtàn tó pọ̀. Ẹ má bi í pé irú èèyàn wo ló jẹ́. Ó lè má tíì mọ̀, ìbéèrè yẹn á sì lé e wọ ibi tí kò tíì múra sílẹ̀ fún.

Bó bá wá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu tó sọ ohun tó wúwo fún yín, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ má pe pásítọ̀ tàbí ààfáà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má gbé e sórí ìkànnì ẹbí, ẹ má gba dáìsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ilé rẹ̀ ni ilé yín ṣì jẹ́. Ẹ máa ṣọ́ bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, bóyá ó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé ti sú. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn UCH níbí ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ, ẹ mú un lọ síbẹ̀ nítorí àìsùn àti ìbànújẹ́ yẹn, kí ẹ sì sọ fún dókítà ní kedere pé àìsùn àti ìbànújẹ́ ló gbé yín wá.